Ìtàn Tó Wà Nínú Pálọ̀: Àwọn Àwòrán Njideka Akunyili Crosby

Tí wọ́n bá ní ká sọ ìtàn Nàìjíríà, ọba, ogun, gómìnà àti ìjọba ológun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì ìjẹun, tàbí láti ara àwọn fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ sí ògiri pálọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Njideka Akunyili Crosby ti ń bẹ̀rẹ̀. Ayàwòrán ni, kì í ṣe òpìtàn, ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ èyí gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn lè ka àwòrán rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé àkọsílẹ̀.

Enugu ni wọ́n bí i sí ní 1983. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni Dora Akunyili, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ oògùn, tó darí NAFDAC láti 2001 sí 2008, tí àwọn oníṣòwò ayédèrú oògùn kò sì lè gbàgbé. Ọmọbìnrin náà wá sí Èkó láti ka ìwé girama ní Queen's College, Yábàá, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1999. Ó ka ìwé ní Swarthmore, ó gba oyè kejì ní Yale ní 2011, Los Angeles ló sì fi ṣe ibùgbé.

Bébà ló ń ya àwòrán sí, bébà tó máa ń ga ju ènìyàn lọ. Ó ń lo èédú ìyàwòrán, pẹ́ńsù aláwọ̀ àti ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ohun tó mú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ ni àwọn fọ́tò tó ń tẹ̀ mọ́ ara bébà náà. Ó máa ń kó fọ́tò láti inú álúbọ́ọ̀mù ẹbí, láti inú ìwé ìròyìn àti ìwé oge ilẹ̀ wa, á fi asetóònù (irú omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná) mú kí yíǹkì rẹ̀ kúrò lára bébà kan, kó lẹ̀ mọ́ òmíràn. Fọ́tò náà á ṣì díẹ̀, á sì dà bí ohun tí a ń wò nínú dígí, tí ọwọ́ ọ̀tún ti di òsì. Tí o bá dúró lókèèrè, ògiri, kápẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ lo máa rí. Tí o bá sún mọ́ ọn, ojú ènìyàn ló kún inú ògiri yẹn: olórin, olóṣèlú, ìyàwó tuntun, àwọn mọ̀lẹ́bí.

Ní 2012 ó ya ọ̀kan tó pè ní *5 Umezebi Street, New Haven, Enugu*. Àdírẹ́sì ilé ló fi sọ àwòrán lórúkọ! Nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, orúkọ àdúgbò, bí ẹni ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Pálọ̀ tí àwọn ènìyàn kóra jọ sí ló wà nínú rẹ̀, ìjókòó lásán, kò sí ayẹyẹ kankan. Kí ló dé tí àdírẹ́sì fi yẹ lójú òpìtàn? Nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé wà. Èédú ló bí ìlú Enugu. Ní 1909 ni wọ́n rí i lábẹ́ ilẹ̀, ní 1915 ni ìwakùsà bẹ̀rẹ̀, reluwé sì ń kó o lọ sí Port Harcourt. Òyìnbó ń gbé lápá tiwọn, awakùsà ń gbé lápá tiwọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley. Nígbà tí òmìnira dé, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kàwé, òṣìṣẹ́ ìjọba, dókítà, olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nínú ilé tó ní géètì, gáréèjì, yàrá ìjẹun àti pálọ̀, ilé tí wọ́n kọ́ fún ọkọ, ìyàwó àti ọmọ nìkan.

Ní tiwa níbí, Bódìjà ni ẹ̀gbọ́n irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, èyí tí iléeṣẹ́ ìkọ́lé ti Ìwọ̀ Oòrùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, kọ́ sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti gbé agbo ilé rí mọ ohun tó yí padà. Nínú agbo ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni ló lè yà síbẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Pálọ̀ ní ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní kí o wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àga hàn ọ́, fọ́tò ọjọ́ ìgboyè bàbá á sì máa wò ọ́ láti orí ògiri kó o tó gbọ́ "ṣé dáadáa lẹ dé?"

Àwòrán kan tó tẹ̀ lé e ní 2013, *Tea Time in New Haven, Enugu*, tábìlì ló gba iwájú rẹ̀, tábìlì tí èlò tíì kún orí rẹ̀. Ibí yìí la ti pẹ́ jù lọ nígbà tí a jọ ń jíròrò. Gbogbo wa la mọ tábìlì yẹn. Nílẹ̀ yìí, tíì kì í ṣe ewé tíì nìkan: Milo ni tíì, Bournvita ni tíì, ohunkóhun tó bá gbóná tí mílíìkì wà nínú rẹ̀ ni tíì. Òyìnbó tó mú àṣà náà wá kò ní í dá a mọ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ sì kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ló ti rí i kó tó wá gbin tirẹ̀ sí Íńdíà. Ṣúgà tó ń dà sí i ńkọ́? Oko ìrèké tí wọ́n fi ẹrú ro ló sọ ṣúgà di ohun tí mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Yúróòpù lè rà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kúbà láti máa gé ìrèké. Nítorí náà, ife tíì kan lórí tábìlì pálọ̀ gbé òwò ẹrú, ìjọba amúnisìn àti ipolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n pọ̀ sójú kan. Lẹ́yìn tí SAP dé ní 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, ó tún wá di òṣùwọ̀n ọrọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń mu tíì tó ki, pẹ̀lú mílíìkì tí a kò fi ṣíbí wọ̀n, a mọ irú ilé tó jẹ́.

Ohun èlò ilé ìyá àgbà rẹ̀ lábúlé náà wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú *Predecessors* (2013), tó wà lọ́wọ́ Tate ní Lọ́ńdọ̀nù, àti nínú èkejì rẹ̀, *Mama, Mummy and Mamma* (2014), a rí sítóòfù àti àtùpà kẹrosíìnì, tábìlì àtijọ́, fọ́tò àwọn àgbà. Orúkọ mẹ́ta fún ìyá, ìran mẹ́ta. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí. Ẹni tó ń pe ìyá rẹ̀ ní "Màámi", ẹni tó ń pè é ní "Màmá" àti ẹni tó ń pè é ní "Mọ́mì" lè wá láti inú ẹbí kan náà, ṣùgbọ́n ilé ìwé àti owó oṣù wà láàárín wọn.

Àwọn tó ń kọ nípa rẹ̀ ní òkè òkun fẹ́ràn láti sọ pé ó ń gbé láàárín ayé méjì, Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, pàápàá torí pé òyìnbó Amẹ́ríkà ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà sì máa ń wà nínú àwọn àwòrán kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti sú wa díẹ̀. Ìrìn láti ìdí àtùpà kẹrosíìnì dé ìdí tábìlì tíì ní New Haven jìn tó ìrìn láti Enugu dé Los Angeles, ilé ìwé sì ni ọkọ̀ tó gbé wọn. A kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé pálọ̀ gbogbo Nàìjíríà nìyẹn. Ilé dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ọmọ tó dàgbà sí yàrá kan ní ilé oníyàrá-kojú-síra-wọn ní Mushin kò ní pálọ̀ tó máa yà. Ẹni tó máa ya tirẹ̀ ni a ń retí.

Ní 2017 ó ya *Dwell: Aso Ebi*. Ọmọ Igbo ló yà á, ọ̀rọ̀ Yorùbá ló fi pè é, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí, nítorí pé aṣọ ẹbí ti di ti gbogbo Nàìjíríà. Aṣọ tí wọ́n tẹ ojú ìyá rẹ̀ sí wà nínú yàrá náà. Dora Akunyili díje fún ipò sẹ́nétọ̀ ní 2011, ó sì kú ní 2014. Ní ilé wa, irú aṣọ báyìí pọ̀ nínú àpótí: ti ìsìnkú bàbá àgbà, ti ìwúyè, ti ìbò tí ẹni tí a dìbò fún ti fìdí rẹmi. Orúkọ, ọjọ́ àti fọ́tò wà lára rẹ̀. Àwọn òpìtàn á sáré lọ sí ilé àkójọ ìwé ní Ìbàdàn láti wá ohun tó kéré sí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá tààrà. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n ti yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ní 2022 ni ìjọba sì ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìdápadà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa bọ́ sí àárín àlàfo yẹn. Pálọ̀ ni kíláàsì Ìtàn tí a ní: "Ta nìyí tó wọ fìlà nínú fọ́tò? Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín fi wọṣọ sójà?" Pálọ̀ yẹn ló sì ń tú lọ báyìí. Bí àwọn àgbà ṣe ń kú, àwọn ọmọ ń ta ilé, fọ́tò ń lọ sínú páálí, páálí ń lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí òjò ti ń pa á. Fọ́tò tiwa sì wà nínú fóònù tí olè lè gbà lọ́la.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ọ̀kan nínú àwọn àwòrán Akunyili Crosby, *Drown*, ta ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ ní gbàǹjo Sotheby's ní New York. Irú fọ́tò tó fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí ògo ẹbí àti aṣọ ọjọ́ ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀, ṣì wà nínú páálí lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó tíì kọ orúkọ sẹ́yìn wọn.