Ìjẹníwọ̀n, Ìṣúnlò àti Àlòkún: Èdè Ìperí fún Ọ̀rọ̀ Agbára

Nínú ìmọ̀ nípa agbára, ìyẹn iná mànàmáná, epo, gáàsì, igi ìdáná àti gbogbo ohun tí ó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kò tíì fẹnu kò lé lórí: bí ẹ̀rọ bá ń fi agbára tí ó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá ṣe iṣẹ́ kan náà, ǹjẹ́ àpapọ̀ agbára tí àwùjọ ń lò yóò dín kù? Ẹni tí yóò kọ̀wé lórí rẹ̀ ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá yàn lè ti dáhùn ìbéèrè náà kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni ìṣúnlò, tí òun àti ìṣúná jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń ṣún nǹkan lò. Jíjẹ ni ẹ̀rọ ń jẹ ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ta jẹnẹrétọ̀ ṣe máa ń sọ pé ọ̀kan ń jẹ epo, pé èkejì kì í jẹ epo púpọ̀. Láti inú ìsọ̀rọ̀ yìí ni a ti lè fa ìjẹníwọ̀n yọ, kí ó dúró fún bí agbára tí ẹ̀rọ ń jẹ ti kéré tó sí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Gílóòbù àtijọ́ tí ó ń fa wáàtì 60 àti LED tí ó ń fa wáàtì 9 fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ bákan náà, nítorí náà LED jẹ́ ajẹníwọ̀n. Àmọ́ bí onílé bá wá tan LED méje níbi tí ó ti ń tan gílóòbù kan, wáàtì 63 ni ó ń fà, ìṣúnlò kò sì sí níbẹ̀.

Ní ọdún 1865, William Stanley Jevons, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, The Coal Question, pé ẹ̀rọ tí James Watt ṣe, tí ń fi oruku omi gbígbóná ṣiṣẹ́, ń jẹ èédú ilẹ̀ tí ó kéré púpọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ Newcomen tí ó ṣáájú rẹ̀ ń jẹ, síbẹ̀ èédú tí ilẹ̀ náà ń jó ń pọ̀ sí i, torí pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí kì í pa owó tẹ́lẹ̀ ti wá ń pa owó. Lílò tí ó gorí lílò báyìí ni a lè pè ní àlòkún. Bí ó bá jẹ́ lórí ohun kan náà, àlòkún tààrà ni. Bí owó tí ẹ̀rọ bá ni pa mọ́ bá lọ sórí ohun mìíràn tí òun náà ń jẹ agbára, àlòkún ẹ̀bùrú ni. Bí àlòkún bá sì ju ohun tí ìjẹníwọ̀n dín kù lọ, ó di àlòkọjá. Ìwádìí tí UK Energy Research Centre gbé jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé àlòkún tààrà nínú ilé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó kì í sábà kọjá ìdá 30 nínú 100 ohun tí ìjẹníwọ̀n ìbá dín kù.

Ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ààrò ìyanja ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ní nǹkan bí ọdún 1970, FAO, ìyẹn àjọ àgbáyé tí ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti iléeṣẹ́ ìwádìí oúnjẹ ilẹ̀ Gánà bá àwọn obìnrin Chorkor, àdúgbò apẹja ní Accra, ṣe ààrò onígun mẹ́rin tí àtẹ ẹja ń gorí ara wọn lórí rẹ̀, kí ooru tí ó ń lọ sókè má baà ṣòfò. Bí irú ààrò bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ ẹni tí ń yan ẹja tà ní Morogbo, ní ọ̀nà Àgbádárìgì, tí ó sì jẹ́ pé ẹja ni kò tó o, igi tí ó ń dá yóò dín kù ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé owó igi ni kò jẹ́ kí ó yan ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò ra ẹja inú yìnyín kún ti ọ̀sà, igi tí ó ṣẹ́ kù yóò sì padà sínú iná.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí jẹnẹrétọ̀ tí ó di ajẹníwọ̀n ní òru ọjọ́ kan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé dín wákàtí tí wọ́n fi ń tan tiwọn kù: ìṣúnlò dé láìsí ìjẹníwọ̀n, owó epo ni ó mú un wá.

Nítorí náà, kò yẹ kí ìjẹníwọ̀n àti ìṣúnlò máa rọ́pò ara wọn nínú ìwé ẹ̀kọ́ tàbí ìkéde ìjọba, kò sì yẹ kí a túmọ̀ àlòkún sí ìfiṣòfò. Níbi tí iná kò ti tó tẹ́lẹ̀, àlòkún lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ọmọ fi ń kàwé; ẹni tí ó bá fẹ́ kí àpapọ̀ ìlò dín kù yóò ní láti wá a lọ sídìí iye owó àti òfin, nítorí pé ẹ̀rọ nìkan kò lè ṣe é.