Ìgbàgbọ́ Ẹni àti Ẹ̀kọ́ Ìjọ: Àpẹẹrẹ Ẹgbẹ́ Aládùúrà Ìjẹ̀bú-Òde, 1918 sí 1943

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbàlagbà máa ń bi àlejò: ‘Ìgbàgbọ́ ni yín ni, àbí Ìmàle?’ Nínú ìbéèrè yìí, orúkọ ẹ̀sìn ni ìgbàgbọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, gbà àti gbọ́ ni a ó bá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà tàbí kí ó gbọ́ fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún ohun tí ẹnì kan gbà lọ́kàn ara rẹ̀ àti fún ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe. Bí méjèèjì bá bára mu, kò sí wàhálà. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọn kò bára mu mọ́. Èrò wa ni pé ìgbàgbọ́ tí ó bá já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ìjọ kì í pẹ́ kí òun náà tó di ẹ̀kọ́ ìjọ.

Bíbélì ní èdè Yorùbá

Àwọn Ìjẹ̀bú kò fẹ́ràn kí òyìnbó ajíhìnrere wọ ìlú wọn. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní ọdún 1892 ni ọ̀nà tó là fún ẹ̀sìn náà. Nígbà yẹn, odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá láti ọdún 1884, nípa iṣẹ́ Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ a-b-d lè ka ìwé náà fúnra rẹ̀, kí ó sì fi ohun tí ó kà wé ohun tí àlùfáà ń sọ lórí pẹpẹ. Ó lè ka orí karùn-ún ìwé Jákọ́bù, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ àdúrà ìgbàgbọ́ fún aláìsàn. Ó lè ka orí tí ó kẹ́yìn nínú ìwé Máàkù, kí ó rí i pé gbígbàgbọ́ ni a kọ́kọ́ dárúkọ kí a tó dárúkọ ìrìbọmi. Bí ó bá wá ibi tí a ti pàṣẹ pé kí a ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, kò ní rí i. A ó rí i pé àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ti fi òṣùwọ̀n lé ọmọ ìjọ lọ́wọ́ láìmọ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni àjàkálẹ̀ àrùn infulúẹ́ńsà wọ Èkó, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Àgbo kò ràn án, oògùn òyìnbó kò ràn án. Wọ́n ti ilé-ìwé àti ilé ìsìn pa, kí àwọn ènìyàn má baà kóra jọ. Ní ìjọ St Saviour’s, Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ náà, tí wọ́n ń pè ní Daddy Ali, lá àlá. Ó rí ìjọ tí ó pín sí méjì: apá tí ó tóbi ṣókùnkùn, èyí tí ó kéré mọ́lẹ̀ nítorí àdúrà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Òun àti Joseph Ṣadare pẹ̀lú àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sophia Odunlami, tí àrùn náà kọlù, sọ pé òun gbọ́ ohùn kan; ó ń kéde pé kí àwọn aláìsàn lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Òkúta Iyebíye ni ẹgbẹ́ náà sọ ara rẹ̀.

Kò yẹ kí a gbàgbé pé wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n síbẹ̀.

Ìyapa ọdún 1922

Ní Èkó, David Odubanjo ń ka ìwé ìròyìn ìjọ kan ní Philadelphia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní Faith Tabernacle. Ìjọ yìí kò fara mọ́ oògùn lílò tàbí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde rí i pé ohun tí àwọn ti ń rò nìyí, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones ti Èkó.

Bí a bá fẹ́ ṣe òdodo, a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ìjọ náà pẹ̀lú. Ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ wà nínú ìwé àdúrà Áńgílíkà, òun ni àwọn òbí fi ń mú ọmọ wọn wọ agbo. Ní ti oògùn, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìjọ kà á sí. Ọmọ tí a kò fún ní oògùn lè kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rí ìwòsàn nínú àdúrà kò lè sọ pé òun kò rí i. Ní ọdún 1922, ẹgbẹ́ náà kúrò nínú ìjọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi san án: Ṣadare fi ipò rẹ̀ nínú sínóòdù sílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń jẹun lábẹ́ ìjọ sì pàdánù iṣẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kuiníìnì

Ní ọdún 1930, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, mú kí èrò wọ́ tọ àwọn aládùúrà. Ní ọdún 1931, àwọn òyìnbó ìjọ Àpọ́sítélì láti Bìrìtìkó wá láti bá wọn ṣe pọ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn àgbà ìjọ rí i pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Àwọn òyìnbó ní lílo oògùn kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Àwọn àgbà ní ó bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ọdún 1922, àwọn ènìyàn wa ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn tẹ̀lé ohun tí ọkàn àwọn gbà. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ń fi kuiníìnì díwọ̀n ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀rí ọkàn ti di òfin. Wọ́n pínyà: àwọn kan dúró sínú ìjọ Àpọ́sítélì, àwọn yòókù di ìjọ Christ Apostolic Church, tí ó gba ìwé àṣẹ ìjọba ní ọdún 1943.

Ìkádìí

Gbogbo wa ni a mọ Isaac Babalọlá Akinyẹle tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn. Ó kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, ó di aṣáájú nínú ìjọ Christ Apostolic, ó sì jẹ Olúbàdàn ní ọdún 1955. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander Babátúndé Akinyẹle, dúró sínú Áńgílíkà, òun sì ni ó kọ́kọ́ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn ní ọdún 1952. Ọmọ ìyá kan náà gba ọ̀nà méjì. Ta ni yóò sọ pé ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe onígbàgbọ́?

Bí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ lórí ìgbàgbọ́, òfin ìjọ rẹ̀ ni ó sábà máa ń tò kalẹ̀: aṣọ tí a ń wọ̀, oúnjẹ tí a kì í jẹ, ọjọ́ tí a ń gbààwẹ̀. Kí a má kàn fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí i. Kí a bi í pé, ‘Èwo ni ìwọ fúnra rẹ gbà, èwo ni o sì kàn bá nílé?’ Ìjọ kò lè wà láìní ẹ̀kọ́, nítorí ohun tí kò bá ní ìlànà kì í tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó bá gbàgbé pé inú ọkàn ẹnì kan ni òun ti jáde wá yóò tún lé ẹlòmíràn jáde, bí a ti lé àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ jáde rí.