OK: Àwàdà Tó Gba Ayé Kan

Ojoojúmọ́ la máa ń tẹ OK ránṣẹ́. "Mò ń bọ̀ ní aago mẹ́rin." "OK." "Jọ̀ọ́, má bínú." "OK." Lẹ́tà méjì péré, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó lè jẹ́ "ó dáa", ó lè jẹ́ "mo ti gbọ́". Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ wá tí a ní "I'm okay", "mo ti yó" la ní lọ́kàn. Bó bá wá jẹ́ K kan ṣoṣo ló wọlé, a ti mọ̀ pé inú ń bí ẹni tó fi ránṣẹ́ nìyẹn.

Níbo ló ti wá? Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ àwọn Choctaw, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni. Ààrẹ Woodrow Wilson gan-an gbà bẹ́ẹ̀, "okeh" ló máa ń kọ sórí ìwé. David Dalby, onímọ̀ èdè ará Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀ tọ́ka sí èdè Wolof ti Senegal, níbi tí "waaw kay" ti túmọ̀ sí "bẹ́ẹ̀ ni". Èyí dùn mọ́ wa, ká má parọ́. Ta ni ò ní fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ ti Áfíríkà wá?

Àmọ́ àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Kó jọ ọ́ ò ní kó jẹ́ òun. Allen Walker Read, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, tú ìwé ìròyìn àtijọ́ wò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1963 àti 1964. Ó rí i pé àwọn oníwèé ìròyìn ìlú Boston ń ṣe àwàdà kan nígbà náà: wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ṣi sípẹ́lì kọ, wọ́n á wá gé e kúrú. "All correct", ìyẹn ni pé gbogbo rẹ̀ pé, di "oll korrect", ó wá di o.k. nínú Boston Morning Post ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, 1839. "No use" náà di "know yuse", wọ́n gé e sí K.Y. Ẹ ò rí i pé LOL wa yìí kì í ṣe tuntun?

K.Y. kú, OK yè. Ìbò ló gbà á là. Ní 1840, Ààrẹ Martin Van Buren tún ń du ipò. Ìlú Kinderhook ní New York ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì ń pè é ní Old Kinderhook, làwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ bá dá ẹgbẹ́ O.K. sílẹ̀. Àwọn alátakò ní irọ́ ni, pé Andrew Jackson, ọ̀gá Van Buren, tí ò mọ sípẹ́lì, ló dá a sílẹ̀. Van Buren fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti gba ìgboro.

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Ìwé ìròyìn ni ẹ̀rí Read. Bẹ́ẹ̀, ní South Carolina, òfin 1740 ka kíkọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ léèwọ̀. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó mú kálàmù, báwo ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á ṣe dénú ìwé ìròyìn? Èyí ò sọ OK di ti Wolof. Àìrí ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀ àwọn baba wa lókè òkun ní láti wá ọ̀nà míì.

Lorenzo Dow Turner wá a. Ó lọ bá àwọn Gullah ní etíkun South Carolina àti Georgia, ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1949. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ láti èdè Áfíríkà kún inú rẹ̀, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Kò méfò. Etí ló fi gbọ́, ọwọ́ ló fi kọ.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tún fi ránṣẹ́ pé Yorùbá ló ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí-báyìí, ẹ jẹ́ ká béèrè: ta ló gbọ́ ọ, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ká sì máa kọ tiwa sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti àmì ohùn. "Já pa" ti di ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá jiyàn lọ́la pé kì í ṣe tiwa, ohun tí a kọ lónìí ni yóò dá a lóhùn.