Àtọ̀húnrìnwá

Tú u palẹ̀: à-ti-ọ̀hún-rìn-wá, ẹni tó ti ibòmíràn rìn dé. Ọ̀rọ̀ náà kò dárúkọ àwọ̀ tàbí ẹ̀yà. Ìrìn nìkan ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní ire lọ́kàn.

Ní Mòwé àti Ìbàfò, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ní Ìfọ̀ tí ojú irin là kọjá, ọ̀pọ̀ ẹni tí owó ilé Èkó lé jáde ló ra ilẹ̀ kọ́lé: Ìjẹ̀ṣà, Ìgbò, Ègùn. Lẹ́yìn owó ilẹ̀, ọmọ onílẹ̀ tún ń gba owó ìpìlẹ̀ àti ti òrùlé lọ́wọ́ àwọn àtọ̀húnrìnwá wọ̀nyí. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin lòdì sí jàgídíjàgan orí ilẹ̀ lọ́dún 2016.

Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ wá ńkọ́? Kò rìn láti ibì kankan, síbẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, ìlú bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń ní kó lọ. Ó ń dùn mí gan-an. Ní 1969, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn Yorùbá tí ìjọba Busia lé kúrò ní Gánà. Ní Amẹ́ríkà náà, òfin 1790 fi dídi ọmọ ìlú mọ sọ́dọ̀ àjèjì aláwọ̀ funfun. 1868 ni òfin wọn tó wá gbà pé ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni.

Àwọn Ẹ̀gbá tí à ń pè ní onílẹ̀ Abẹ́òkúta pàápàá, 1830 ni wọ́n rìn dé abẹ́ àpáta Olúmọ.