Ìka Tí Ẹ̀jẹ̀ Dì Sí Lábẹ́ Awọ

Bí ilẹ̀kùn bá há ènìyàn ní ìka, bí òòlù bá tàsé ìṣó lọ́wọ́ káfíńtà, ọmọ Ògún lákáayé, tí ó sì bà lé àtàǹpàkò rẹ̀, tàbí bí ọmọ ọlọ bá yọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ilé tí ó sì tẹ ọmọńdinrín rẹ̀ mọ́ ìyá ọlọ, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé awọ kò ní ya, ẹ̀jẹ̀ kò ní kán sílẹ̀, síbẹ̀ ìka náà yóò wú, yóò sì dúdú bí ohun tí a rì bọ inú aró. Ọgbẹ́ inú ni, ọgbẹ́ tí kò lójú.

Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, tí wọ́n tín-ín-rín ju irun orí lọ, ni wọ́n bẹ́ nígbà tí ohun líle tẹ̀ wọ́n mọ́ eegun, tí ẹ̀jẹ̀ fi tú sáàárín ẹran tí kò sì rí ọ̀nà jáde. Eegun 27 ni ó wà nínú ọwọ́ kan, 14 nínú wọn sì jẹ́ ti ìka: 3 fún ìka kọ̀ọ̀kan, àfi àtàǹpàkò, baba ìka, tí ó ní 2 péré. Ẹran tí ó bò wọ́n kò nípọn, ààyè kò sì sí níbẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ láti tàn ká. Ìdí nìyí tí ìka fi ń ro ni ju itan lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú àwọ̀ kan. Á kọ́kọ́ pọ́n, á di dúdú bí ẹ̀lú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, á ní àwọ̀ ewé ní bí ọjọ́ 5 sí 7, á wá dà bí ìyeyè, títí yóò fi parẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Ṣùgbọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú, ìyípadà wọ̀nyí kì í fara hàn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ni kí a fi wò ó ju ojú lọ: ibi tí ó bá gbóná, tí ó le, tí kò gba ìfọwọ́kàn, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wà.

Òrùka ni a ó kọ́kọ́ bọ́, kí ìka tó wú mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, kí a wá omi tútù, tàbí kí a fi aṣọ wé yìnyín, kí a gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 2. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ọwọ́ náà máa wà lókè ju àyà lọ, kódà lórí ìrọ̀rí bí a bá dùbúlẹ̀. Parasitamọ́ọ̀ tó fún ìrora. Asipirín kò dára, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

Níhìn-ín ni èmi àti àṣà ilé wa ti yà. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn há mi lọ́wọ́ ní kékeré, omi ń hó lórí iná kí ẹkún mi tó dá, àgbà kan di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, ó sì ń fi àkísà gbígbóná àti òrí tẹ ìka náà bí ẹni ń gún iyán. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ooru a máa la iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ a sì tún bẹ́ èyí tí ó fẹ́ dí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; lẹ́yìn ọjọ́ 2 ni omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó wúlò, pẹ̀lú kíká ìka díẹ̀díẹ̀ kí oríkèé má baà gan.

Bí ó bá jẹ́ abẹ́ èèkánná ni ẹ̀jẹ̀ dì sí, ìrora rẹ̀ a máa sọ kìkì bí àyà ẹni tí ó sáré. Dókítà lè lu ihò kékeré sí èèkánná náà, kí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ́ jáde, kí ara sì tu ẹni náà lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ìránṣọ nínú ilé. Bí èèkánná bá ti ń yẹ̀, ẹ má fà á tu. Bí mílímítà 3 ni òmíràn ń gùn lóṣù, nítorí náà ó tó oṣù 6 kí ó tó pé. Ṣùgbọ́n àmì dúdú tí kò bá èèkánná rìn síwájú, tí ènìyàn kò sì rántí ohun tí ó gbá a, ó yẹ kí dókítà wò ó. Ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ ka ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bob Marley, gbajúgbajà olórin, sí. Ní 1977 ni a rí i pé jẹjẹrẹ ni, òun ni ó sì pa á ní 1981.

Àwọn kan a máa ní ìka tí ó bá ṣì ń ká kò kán. Irọ́ ni, eegun orí ìka lè kán kí ó ṣì máa ká. Bí orí ìka bá sì wọ́ sílẹ̀ tí kò ṣeé nà mọ́, iṣan tí ń nà án ni ó já, a ó sì fi ohun líle gbè é ní títọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 láìtú u rárá. Àwọn tí ń to eegun mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìdè tí ó bá fún jù ti pa ìka púpọ̀.

Ẹni tí ìka rẹ̀ bá wọ́, tí ó kú tìpìrì, tí ó tutù tàbí tí ó ṣì ju àwọn yòókù lọ, tàbí tí awọ rẹ̀ ya, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó má dúró de òwúrọ̀.