Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Ọta Ìbọn Tí Ọwọ́ Lè Gbà

Mo rí gbogbo àwọn tó ń bèèrè pé "Dókítà ọ̀la, níbo lo sá wọ̀?" Ìwé ni o, ìwé ló mú mi mọ́lẹ̀. Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò lè gbé mì. Ó gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan mu sí ẹ̀gbẹ́ yín.

Mo ní Àǹtí kan níbí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n ti di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà tipẹ́. Nígbà tí olè fọ́ ilé tó kángun sí tiwọn, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n lọ ra ìbọn. Ẹni tó tajà fún wọn mú revolver kékeré kan jáde, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bíríbírí. Kò wúwo tó 350 gíráàmù. Ó ní èyí tó fúyẹ́ ló bá obìnrin mu. Ó tún kó páálí ọta .357 Magnum tì í, ó ní ọta tó le ló ń gbani.

Sátidé mẹ́ta sẹ́yìn, mo sin wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Ẹ̀yìn gíláàsì ni mo dúró sí. F-1 ni mo ní, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ka ìbọn àti ọta léèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwa tí a wà lórí físà ìgbà díẹ̀, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹ̀yin ará F-1 àti H-1B, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé "ìbọn àyálò lásán ni, kò sí wàhálà." Wàhálà wà níbẹ̀ o.

Àǹtí yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn fò sókè bí ẹni pé ó fẹ́ gbá wọn lójú. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i tí wọ́n ti dijú kí ìbọn tó dún. Kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Wọ́n rọra gbé e kalẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti pọ́n, bébà tí wọ́n ń yìnbọn sí sì wà bó ṣe wà. Nínú mọ́tò ni wọ́n ti wí fún mi pé, "Àbúrò mi, bóyá èmi ni mi ò lágbára."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe yìí ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn ológun pàápàá ṣe é." Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà fún yín bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìbọn fi ń ta èèyàn nípàá. Bí ẹ̀tù bá ṣe ti ọta síwájú ló ṣe ń ti ìbọn sẹ́yìn. Ọta tó bá wúwo, tó sì yára, ìpàá rẹ̀ á pọ̀. Ìbọn tó bá wúwo á gba ìpàá náà mọ́ra, èyí tó bá fúyẹ́ á kó gbogbo rẹ̀ fún ọwọ́ rẹ. Àwọn ọdẹ wa nílé mọ èyí láìka ìwé kankan. Ẹni tó bá ki ẹ̀tù sínú ṣakabùlà ní àkìjù, èjìká rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ròyìn, bí ìbọn náà kò bá tiẹ̀ bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà fojú ara wọn rí i. Lọ́dún 1847, Samuel Colt àti Samuel Walker ṣe revolver ńlá kan tó wúwo ju kílógíráàmù méjì lọ, ilé ọta kọ̀ọ̀kan sì lè gba ẹ̀tù tó tó 60 grain. (7,000 grain ló wà nínú pọ́n-ùn kan.) Agbára wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilé ọta ìbọn náà ń bẹ́. Nígbà tí Colt ṣe èyí tó tẹ̀ lé e, ṣe ló dín àyè ẹ̀tù kù.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1873. Ológun Amẹ́ríkà gba revolver .45 Colt, ẹ̀tù 40 grain ló wà nínú ọta rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ ọta ìjọba fi dín in kù sí bí 30. Nígbà tí ìbọn Schofield dé, wọ́n ṣe ọta kúkúrú kan tí ẹ̀tù rẹ̀ tún kéré sí i, tó lè wọ ìbọn méjèèjì. Àwọn ọmọ ogun tó ń gẹṣin kiri aṣálẹ̀ ni wọ́n fún o, àwọn géńdé ọkùnrin! Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Àmọ́ kí ẹ má lọ rò pé bó bá ṣe rọ̀ tó ló ṣe dára tó. Lọ́dún 1892, ológun bọ́ sórí ọta tó kéré, .38 Long Colt. Ó rọ ọwọ́ lọ́rùn. Nígbà tí ogun Philippines dé, ọta náà kò dá àwọn jagunjagun Moro dúró bó ṣe yẹ, wọ́n sì sáré kó àwọn .45 àtijọ́ jáde padà. Ìyẹn wà lára ohun tó fa àyẹ̀wò tí Thompson àti LaGarde ṣe lọ́dún 1904, àti ìbọn ọdún 1911 tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀tún kò dára, òsì náà kò dára, àárín ni wọ́n ń wá.

Àárín náà ni .38 Special, tó jáde ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọta 158 grain, ìyára rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà 750 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà gbé kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ kan fún ìdíje, tí wọ́n ń pè ní wadcutter: 148 grain, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè gé ihò róbótó sára bébà, ìyára rẹ̀ bí 700. Òun ló rọ̀ jù.

Lọ́dún 1935 ni .357 Magnum dé. Ọta 158 grain kan náà, àmọ́ wọ́n ń tì í lọ ní ẹsẹ̀ bàtà bí 1,235. Mo jókòó ṣírò rẹ̀: nínú ìbọn kan náà, ìpàá Magnum tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti .38 Special, ó sì tó bí ìlọ́po márùn-ún ti wadcutter. Bí ẹ bá wá gbé Magnum sínú ìbọn tí kò tó 350 gíráàmù, tí ẹ fi wé wadcutter nínú ìbọn irin tó tó kílógíráàmù kan, ó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ohun tí wọ́n fi kí Àǹtí mi káàbọ̀ nìyẹn!

Ibi tí àánú wà ni pé àwọn tó ṣe .357 kàn fa ilé ọta .38 gùn díẹ̀ ni. Ìbọn .357 ń gba ọta .38 Special láìsí ìjà kankan. Èyí tí kì í ṣeé ṣe ni pé kí .357 wọ ìbọn .38. Nítorí náà, ẹni tó ra ìbọn .357 kò tíì há. Ọta ló máa pààrọ̀.

Ṣé èèyàn kò wá lè fi èyí tó rọ̀ kọ́ṣẹ́, kó sì gbé èyí tó le kiri? Ẹ gbọ́ tí Newhall. Nínú oṣù Kẹrin 1970, ní California, ọ̀daràn méjì pa ọlọ́pàá ojú pópó mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ara ohun tó jáde lẹ́yìn ìyẹn ni pé .38 ni wọ́n fi ń dánra wò, tí àwọn kan sì ń gbé .357 lọ síbi iṣẹ́. Ọwọ́ kò mọ ohun tó gbé. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fà yọ ni pé ohun tí o fi kọ́ṣẹ́ ni kí o gbé.

Ẹ tún gbọ́ ti Miami, oṣù Kẹrin 1986. Ọ̀daràn méjì bá àwọn òṣìṣẹ́ FBI jà, méjì nínú FBI kú, ọ̀pọ̀ fara gbọgbẹ́. Edmundo Mireles, tí ìbọn ti fọ́ apá rẹ̀ kan, ló fi ọwọ́ kan ṣoṣo parí ìjà náà. Revolver .357 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ọta .38 Special tí wọ́n fi agbára díẹ̀ kún ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà FBI lọ gba ìbọn 10mm tó le, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi dín agbára ọta rẹ̀ kù. Ọta tó rọ̀ yẹn ló bí .40 S&W lọ́dún 1990. Ẹ ò rí i? Wọ́n tún padà sí ibi tí ológun dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú.

Sátidé tó kọjá a padà lọ. Olùkọ́ ibẹ̀ yá Àǹtí ní revolver irin tó wúwo, ó fún wọn ní wadcutter. Ó fi ìdí etí dí etí wọn, ó tún fi ìbòrí etí bò ó, torí ariwo wà lára ohun tó ń mú èèyàn dijú. Ọta kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ kì fún wọn, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́fà. Márùn-ún nínú mẹ́fà wọ bébà. Wọ́n wá gòkè sí .38 Special 158 grain, ojú wọn kò dì. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Ìbọn kékeré yẹn, wọ́n fẹ́ lọ fi pààrọ̀ èyí tó wúwo, àpótí onírin alágádágodo ni wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ sí, torí àwọn ọmọ-ọmọ ń bọ̀ lọ́dún Kérésì.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra ìbọn o. Ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin, ilé yín àti òfin ìpínlẹ̀ yín. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá fún ìyá yín, àǹtí yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín ní ohun tó ju ọwọ́ lọ, tó wá ní ọwọ́ ni kò lágbára, ẹ má gbà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àǹtí ní kí n kí gbogbo yín. Wọ́n tún ní ìgbà wo ni mo máa parí ìwé. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.