Ẹni Tí Kò Dé Ojú Ogun

Láti ìgbà tí ogun Síríà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí àwọn ìjọba Yúróòpù ń bẹ̀rù jù ni ọmọ ilẹ̀ wọn tó lọ jagun lókèèrè, tó sì padà wálé. Ìbẹ̀rù náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Mehdi Nemmouche, ọmọ Faransé tó ti Síríà dé, fi ìbọn pa ènìyàn mẹ́rin ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù ní Brussels. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ti Síríà padà wà lára àwọn tó pa ènìyàn 130 ní Paris.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tó kan àwa Yorùbá gan-an ti ṣáájú méjèèjì. London ni wọ́n bí Michael Adebolajo sí. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ tó wá láti Nàìjíríà, òun ló gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù nígbà tó dàgbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, àwọn ọlọ́pàá Kẹ́ńyà mú un nítòsí ààlà Sòmálíà, wọ́n fura pé ó fẹ́ darapọ̀ mọ́ al-Shabaab. Wọ́n dá a padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò dé ojú ogun rárá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, òun àti Michael Adebowale fi ọkọ̀ kọlu ọmọ ogun kan, Lee Rigby, ní Woolwich, wọ́n sì pa á lójú pópó ní ọ̀sán gangan. Adé méjì nínú ìròyìn búburú kan ṣoṣo! Kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa nílé ibi tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2014, ó hàn pé orúkọ wọn ti jẹyọ nínú ìwádìí méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Adebowale ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ pa ọmọ ogun. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò rí ọ̀rọ̀ yìí títí ẹ̀mí fi bọ́. Ìgbìmọ̀ náà di ẹ̀bi púpọ̀ ru ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà gba orí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá. Lójú tèmi, Kẹ́ńyà ni ọ̀ràn ti bàjẹ́: ìròyìn kan náà bẹnu àtẹ́ lu MI6 fún ọwọ́ yẹpẹrẹ tí wọ́n fi mú un níbẹ̀.

Ní ti àwọn tó dé ojú ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀nà mìíràn. Ní 2019, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ Shamima Begum, tó kúrò ní London lọ sí Síríà ní ọmọ ọdún 15, wọ́n ní ó lè jẹ́ ọmọ Bangladesh. Kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹjọ́ kankan ní London. Adebolajo, ní tirẹ̀, rí adájọ́: ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú ni wọ́n dá fún un, ti Adebowale kò sì ní dín ní ọdún 45.